Ìyá kékeré

Láti alẹ́ Sátidé ni fíìmù kúkúrú kan ò ti kúrò lọ́kàn mi. Ìyàwó àbúrò mi ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, kò tó ìṣẹ́jú 15. Ọmọbìnrin bí ọmọ ọdún 9 kan, àkọ́bí, ni ìyá rẹ̀ fi àbúrò tì, tó bá iṣẹ́ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ yìí da bókẹ́ẹ̀tì délẹ̀, ó gun orí ẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó agolo mílíìkì lókè. Ó po ògì, ó kán an sẹ́yìn ọwọ́, ó fẹ́ ẹ, ó tún kán an, kó tó fi ṣíbí kan ẹnu àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́mọ mọ ohun tí mò ń wí, abiyamọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sórin níbẹ̀, ọmọ náà ò sì sunkún. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ohun táwọn baba wa wí nìyẹn. Bókẹ́ẹ̀tì lọmọ yìí fi bá a.

Àmọ́ ibi tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é síta, ó ti wọ bàtà, ni ìyá aládùúgbò kan bá yọjú: "Ìyá kékeré! O káre. Kí Ọlọ́run fún wa nírú ẹ." Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó padà sídìí àbúrò. Oríyìn yẹn ló dè é mọ́lẹ̀. Ìyá yẹn ò sì ní in ní ibi, àdúrà ló ṣe.

Mo rí i táwọn èèyàn ń bú ìyá tó bímọ náà. Mi ò bá wọn bú u. Kubwa ni mò ń gbé. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó wá sí Abuja ní 1991, ilé àárín ìlú ò ṣeé sún mọ́ fún òṣìṣẹ́ kékeré. Kubwa, Nyanya, Lugbe, Mararaba la ń sùn, ìdájí la sì ti ń wá ọkọ̀. Nígbà tí ìyá mi ń lọ sọ́jà n'Ìbàdàn, ìyá àgbà wà nílé, ìyàwó bàbá kékeré wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbí, aládùúgbò tó wù kó dáa tó, òun náà ti jáde ní ìdájí. Ta ló kù? Àkọ́bí ni.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 kà á léèwọ̀ láti fọmọ kiri ọjà ní títì, ó sì fàyè gba iṣẹ́ ilé tó bá fúyẹ́ nínú ẹbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà pọnmi, mo pọn àbúrò. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀mí ọmọ jòjòló wà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 9 láàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn ò fúyẹ́ rárá.

Àkọ́bí tèmi ti pé 10. Mo ti pè é ní ìyá kékeré lójú àlejò, tìdùnnú-tìdùnnú. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba àbúrò ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, mo ní kó lọ bá àwọn ọmọ ṣeré ní kọ́ḿpáǹdì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná?"