Lẹ́yìn Ìtànṣán Ńkọ́?

Ìjọba àpapọ̀ ń kó ẹ̀rọ onítànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ wọ àwọn ilé ìwòsàn ńlá. Àjọ adójútòfò ìlera, NHIA, ń fi tó ₦400,000 ran ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé ọmọ tàbí ti pròsítéètì lọ́wọ́ lórí ìtànṣán. Ó dára, a kò bá wọn du ọpẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a ti ń béèrè lójú ewé yìí, wọn ò tíì dáhùn rẹ̀: ta ni yóò tún ara tí ìtànṣán bà jẹ́ ṣe?

Ìtànṣán kì í yan jẹjẹrẹ nìkan. Ó ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín àyíká rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbà á ló ń rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i, ó lè tó ọdún mélòó kan kó tó yọjú. Awọ àyà á le gbagidi, á là, kò ní jiná. Obìnrin náà á ká báńdéèjì lé egbò lábẹ́ búláòsì, á wọ́n lọ́fínńdà sí i, á sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó gbà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ eyín kan ṣoṣo kí egungun àgbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

Rírán irú egbò bẹ́ẹ̀ pọ̀ kò ṣe é gbọ́kàn lé, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa. Ẹran ara tó bá òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wá ni wọ́n sábà máa ń gbé síbẹ̀, láti ẹ̀yìn bó bá jẹ́ àyà. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni, nọ́ọ̀sì á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárín òru. Àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n wà ní ilé ìwòsàn Igbóbì l'Ékòó, wọ́n wà ní UCH n'Ìbàdàn. Àwọn tí kò tíì wọ báàlù là ń sọ.

NHIA kan náà ló ń sanwó iṣẹ́ abẹ fún obìnrin tí ìrọbí lu àpòòtọ̀ rẹ̀, tí ìtọ̀ wá ń dà lára rẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ẹni tí ìtànṣán tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá sí owó rẹ̀ bá wá lu tirẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìtọ̀ tirẹ̀ kì í rùn ni?

Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún wa pé ìgbìmọ̀ ń ṣiṣẹ́ lé e lórí. A mọ̀ pé kò sí rìbọ́nù tí wọ́n máa gé níwájú kámẹ́rà níbi iṣẹ́ abẹ yìí. Kí NHIA kọ àtúnṣe ara mọ́ owó ìtànṣán nínú ìwé kan náà. Kí wọ́n má ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tuntun kankan tí kò ní oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara. Kí wọ́n sì máa yẹ eyín aláìsàn wò kí ìtànṣán tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò gbà ju dókítà eyín kan lọ.