Inú Àpò Ṣòkòtò Ló Wà

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Bí ọmọdé bá gbọ́ òwe yìí, á rẹ́rìn-ín, torí pé Sókótó àti ṣòkòtò jọra lẹ́nu. Àgbàlagbà tó ti wọ mọ́tò dé Sókótó, tó sì padà lọ́wọ́ òfo, kì í rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa tó ń múra rìtíríìtì Àjíǹde, ìyẹn ọjọ́ àdúrà àti ààwẹ̀ lórí òkè, ló gbé òwe náà sí mi lọ́kàn. Àgùnbánirọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí wà nínú wọn, ẹni tó kàwé gboyè tí kò ríṣẹ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ríṣẹ́ tí iṣẹ́ ọ̀hún ti sú náà ò gbẹ́yìn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi Ọlọ́run: kí ni kí n fayé mi ṣe? Ẹní, Bíbélì, bíró, ó di orí òkè.

N ò ní kí wọ́n má lọ o. Èmi náà lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Ìkejì-Arákejì, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun, ná. Lóṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdó-Ọwá tó padà di wòlíì Ìjọ Àpọ́sítélì Kristi, wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba níbẹ̀, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ náà ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà ṣàdédé kú lọ́sàn-án gangan, ló bá gbọ́ ohùn tó ń pè é lórúkọ. Lónìí, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wọ bọ́ọ̀sì lọ gbàdúrà níbẹ̀, wọ́n ń wá ìpè tiwọn. Bẹ́ẹ̀, ibi iṣẹ́ lásán ni lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà tó gbọ́ ìpè ló wá wọnú ààwẹ̀. Nígbà tí ìpè ń bọ̀, títì ló ń tẹ̀.

Kí wá ni rìtíríìtì wà fún? Kí ọwọ́ lè ráyè wọ àpò ni. Nínú èrò Òṣòdì, ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa ń wà lápò ẹni. Èèyàn nílò ibi tó dákẹ́ kó tó lè fọwọ́ wá inú ara rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé a gbé Òṣòdì lọ sórí òkè náà: láti aago márùn-ún ìdájí títí di òru, gbohùngbohùn ò sinmi. Nínú Bíbélì, wòlíì Èlíjà dé òkè Hórébù, ìjì jà, ilẹ̀ mì, iná jó, Olúwa ò sí nínú ẹyọ kan. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló tẹ̀ lé e, ohùn náà sì bi í pé kí ló wá ṣe níbẹ̀, ó ní kó padà gba ọ̀nà tó bá wá.

Lọ́dún 1521, ọta àgbá fọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ogun kan ní Pamplona, nílẹ̀ Sípéènì. Ignatius ti Loyola ni. Lórí ibùsùn àìsàn, tó bá ro òkìkí ogun àti obìnrin ńlá tó fẹ́ wú lórí, inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n tí èrò náà bá lọ tán, ọkàn rẹ̀ á gbẹ táútáú. Tó bá ro bí òun ṣe lè sin Ọlọ́run, ayọ̀ á kù sílẹ̀ lẹ́yìn èrò náà. Àkíyèsí yìí ló bí rìtíríìtì tí àwọn Kátólíìkì ṣì ń ṣe dòní, tó lè tó ọgbọ̀n ọjọ́, ìdákẹ́jẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ignatius sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń tọ́ èèyàn sọ́nà níbẹ̀: kó dúró gbọọrọ bí òṣùwọ̀n, kó má tẹ̀ sápá kan.

Ìkìlọ̀ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún tí mo parí sìnrúùlú, ẹnìkan gbọ́wọ́ lé mi lórí lórí òkè, ó ní òun rí mi lórí pẹpẹ nílùú òyìnbó. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń dúró de físà. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà lápò mi.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ kejì rìtíríìtì, páìpù bẹ́ nílé ìwẹ̀ àwọn obìnrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń sunkún látàárọ̀ pé Ọlọ́run ò bá òun sọ̀rọ̀ dìde, ó ní kí wọ́n bá òun wá rọ́bà inú táyà. Ó ti kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà kó tó wọ yunifásítì, kò kàn fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń wé rọ́bà yí páìpù po, ó ń kọrin lábẹ́nu. Nígbà tómi dáwọ́ dúró, mo bi í pé kí ló ń rò bó ṣe ń ṣe é.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ro nǹkan kan o. Mo tiẹ̀ gbàgbé pé ebi ààwẹ̀ ń pa mí."

N ò fèsì. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó padà sínú gbọ̀ngàn.