Ta ló ń sanwó Home Assistant tí ẹ ń lò lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹni tó bá ti gbé sólà sórí ilé yóò ti gbọ́ ọ: "Home Assistant? Ọ̀fẹ́ ni jàre, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà kan ló ń ṣe é bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀." Ibì kan jóòótọ́ níbẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wo nǹkan oníná inú ilé, tí a sì fi ń darí wọn, ni. Ẹ lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà kékeré, kí ẹ so inverter mọ́ ọn, kí ẹ máa wo iye iná tí òòrùn ń mú wá, láìsan kọ́bọ̀.

Nígbà tí Paulus Schoutsen bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2013, iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ ni. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn sì pọ̀ níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ló ń jẹ owó. Ọ̀pọ̀ inverter ló ń fi nọ́ńbà tí kò lè ju 65535 lọ ròyìn agbára bátìrì. Bí bátìrì bá ń tú wọ́ọ̀tì 200 jáde, −200 ni inverter ní lọ́kàn. Bí kóòdù Home Assistant kò bá mọ̀ pé nọ́ńbà náà lè bọ́ sísàlẹ̀ òdo, 65336 (ìyẹn 65536 dín 200) ló máa gbé síwájú yín. Ilé oníyàrá méjì ti di ilé ìrọ irin nìyẹn! Ẹnì kan ní láti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, nígbà míì lórí inverter tí kò fojú rí rí. Tó bá parí, ilé iṣẹ́ tó ṣe inverter lè tún yí nǹkan míì padà láìsọ fún un.

Ọrẹ àánú kọ́ ló ń gbé e ró. Nabu Casa, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, ń ta ọ̀nà ìrọ̀rùn tí ẹ lè gbà wo ilé yín láti ìta: dọ́là 6.50 lóṣù ní Amẹ́ríkà. Owó àwọn tó ń lò ó yìí ló di owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú Home Assistant. Kò sí olówó ńlá kankan tó ń retí èrè lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe fúnra ẹ̀ kò ní san nǹkan kan.

Ní 2024 wọ́n fi Home Assistant sábẹ́ Open Home Foundation, àjọ aláìlérè ní Switzerland, kí ẹnikẹ́ni má baà rà á mọ́ wa lọ́wọ́. Síbẹ̀ àwọn kan ń pariwo pé wọ́n ti di oníṣòwò, àwọn tó fi mílíọ̀nù ra bátìrì lithium o!

Bí dọ́là bá wọ́n, ẹ fi ìwé ìlànà inverter yín ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú Home Assistant nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Irú èyí tí ẹ rà ní Alábà lè má sí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù ẹ̀ ní Yúróòpù.