180 oṣù: ẹ ka tiyín nísinsìnyí

Ẹ̀yin ará ilé ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí ẹ ń gba owó oṣù lọ́wọ́ aládàáni, ẹ dákun, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá pé ẹni ọdún 59 kí ẹ tó béèrè iye oṣù tí CNSS, ilé iṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún òṣìṣẹ́ aládàáni nílẹ̀ Benin, kọ sílẹ̀ lórúkọ yín. Iye ọdún tí èèyàn fi ṣiṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ń kà. Oṣù tí ọ̀gá san owó rẹ̀ fún CNSS ni.

Nínú 100 fúráǹkì owó oṣù, wọ́n ń yọ 3,6 lára òṣìṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì, ọ̀gá sì ń fi 6,4 kún un láti àpò ara rẹ̀. Fún ẹni tó ń gba 150.000, ìyẹn jẹ́ 5.400 tirẹ̀ àti 9.600 ti ọ̀gá. Tó bá pé ẹni ọdún 60, tí oṣù rẹ̀ sì ti tó 180, ìyẹn ọdún 15 gbáko, ìdá 30 nínú 100 ìpíndọ́gba owó oṣù rẹ̀ ni á máa gbà. Oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó bá lé e á fi ìdá 2 nínú 100 kún un. Bí 150.000 yẹn bá dúró sójú kan, ọdún 15 á fún un ní 45.000 lóṣù, ọdún 20 ní 60.000, ọdún 30 ní 90.000. Ṣùgbọ́n ẹni tí oṣù rẹ̀ jẹ́ 172 péré ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n á fún un lówó, ó tán. Oṣù mẹ́jọ ló yà á kúrò lára ẹni tó ń gbà á títí dọjọ́ ikú!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ rèé. Ọ̀gá míì á yọ owó náà lára òṣìṣẹ́, kò ní san án. Òmíràn ń san 150.000, ó wá kọ 52.000 ránṣẹ́, ìyẹn owó tó kéré jù tí òfin fàyè gbà láti ọdún 2023. Inú òṣìṣẹ́ míì tiẹ̀ máa ń dùn sí i, torí 1.872 ni wọ́n ń yọ lára rẹ̀ dípò 5.400. Èmi ò lè bá a yọ̀. Lẹ́yìn ọdún 30, 31.200 ni ìdá 60 nínú 100 ti 52.000, níbi tó yẹ kó gba 90.000.

Nítorí náà, ẹ má ju ìwé ìsanwó oṣù kankan nù. Lọ́dọọdún, ẹ lọ gba àkọsílẹ̀ yín ní CNSS, kí ẹ fi í wé ìwé ìsanwó náà lóṣù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá ọ̀gá. Bí kò bá dáhùn, ọ́fíìsì alábòójútó iṣẹ́ ló kàn. Ọ̀gá tó bá ti kógbá wọlé ṣòroó wá rí o.

Ẹ tún wo orúkọ yín dáadáa. Àwa Yorùbá tí wọ́n ń fi Faransé kọ orúkọ wa la mọ̀ ọ́n: Adéṣínà á di Adéchina nínú ìwé ìbí, á di Adechinan nínú káàdì. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lè dá fáìlì dúró.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ìdána nìkan kò tó. Òfin ìdílé ti ọdún 2004 kò ka ìgbéyàwó tí kò bá dé iwájú méérì. Bí ọkọ bá kú, ìwé ìgbéyàwó ni wọ́n máa bi opó tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú owó ìfẹ̀yìntì ọkọ, wọ́n á sì béèrè ìwé ìbí àwọn ọmọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba, FNRB, ìyẹn àpò owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba, ni tiyín, kì í ṣe CNSS. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi méjèèjì ní fáìlì méjì láti tọ́jú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́jà, tí ẹ kò ní ọ̀gá, àjọ dára fún owó ilé ìwé àti ọjà tuntun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá kó o náà ló ń tán, kò lè bọ́ yín lẹ́ni ọdún 70. Ètò ìrànlọ́wọ́ aráàlú tí ìjọba dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ARCH, ní apá ìfẹ̀yìntì fún irú yín, ẹ lọ béèrè nípa rẹ̀.

Ẹni tó bá ń lọ sí CNSS lọ́la, kó mú nọ́ńbà rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀, ìwé ìbí àti gbogbo ìwé ìsanwó tó bá rí dání.