Wúrà tún ti kúrò ní ti ọrùn nìkan
Ẹni tó ń bèèrè pé kí ló kan ará Abẹ́òkúta nínú ìròyìn pé wúrà nano (wúrà bíńtín-bíńtín tójú lásán ò lè rí) ń ṣiṣẹ́ kẹ́míkà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà sí Ìtòkú kẹ́ ẹ wo aró òyìnbó tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ aniline ni wọ́n fi ń ṣe aró náà níléeṣẹ́, láyé àtijọ́ lúbúlúbú irin àti ásíìdì ni wọ́n fi ń sọ kẹ́míkà míì, nitrobenzene, di aniline, ìdọ̀tí irin á wá kù rẹpẹtẹ. Láti 2006 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Corma àti Serna, ti fi hàn pé wúrà bíńtín lórí titanium dioxide (ìyẹ̀fun funfun kan) lè bá gáàsì haidirójìn ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ibi tí wọ́n rán an nínú kẹ́míkà náà gan-an ló ń fọwọ́ kàn (wúrà tá a ń fi sétí o!), omi ló sì ń kù. Ẹ ṣáà bá wa wá nǹkan tó máa rọ́pò hydrosulphite (kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sómi) inú ìkòkò aró jàre, òórùn ẹ̀ ń pa wá.