Ẹ má fi ìròyìn yìí tú ìdáná ká o

Akọ̀ròyìn, ẹ kú iṣẹ́ lórí ìròyìn ìwádìí tó so àbùdá tí à ń jogún pọ̀ mọ́ schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́. Àmọ́ mo rí ẹni tó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "ẹ wò ó, wèrè ìdílé ni lóòótọ́." Ẹ rọra! Ìwádìí ọdún 2022 yẹn fi àbùdá aláìsàn 76,755 wé ti àwọn 243,649 tí kò ní in, ibi 287 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àbùdá tó tan mọ́ àìsàn náà ni wọ́n sì rí. Agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan kéré gan-an. Kì í ṣe bíi AS àti SS tí a lè ṣírò kí á tó fẹ́ra. Kódà nínú ìbejì tí àbùdá wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ó lè mú Táyé kó má mú Kẹ́hìndé rárá.

Níbí ní Ìkòròdú, mo mọ ọmọbìnrin kan tí aṣọ ẹbí rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, orógbó àti obì ti wà nínú agbọ̀n, kí alárinà tó wá jíṣẹ́ pé àwọn ẹbí ọkọ ti gbọ́ nípa àbúrò bàbá rẹ̀ tó máa ń dá sọ̀rọ̀ ní Sábó. Ó parí nìyẹn. (Ìyá ọkọ náà, nọ́ọ̀sì ni o!)

Èyí tó tún ká mi lára: òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Nílẹ̀ Áfíríkà, àwọn olùwádìí ti gba àbùdá àwọn èèyàn ní Kẹ́ńyà, Uganda, Ethiopia àti South Africa. Ẹ bá wa bi àwọn dókítà Yábà àti Arò léèrè, ìgbà wo ló máa kan tiwa?