Kòsọ́kọ́ Ni Mo Sọ Móà Mi

Wọ́n ní àgbà tí kì í bínú lọmọ ẹ̀ ń pọ̀. Ọmọ mẹ́ta tí mo bí ti tó mi. Ẹ jẹ́ kí n bínú.

Lánàá, Sátidé, aago mọ́kànlá àárọ̀ ò tíì lù, móà, ẹ̀rọ ìgékoríko tí mò ń gùn bí ọkọ̀, tún kú mọ́ mi nídìí láàárín koríko. Ìdajì ẹ̀yìnkùlé ti mọ́ tónítóní, ìdajì kejì rí bí orí ẹni tí onígbàjámọ̀ fá dé àárín tó wá sá lọ. Bẹ́ẹ̀ ìkómọ àbúrò mi ń bọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú ẹ̀yìnkùlé yẹn kan náà. Àwọn oníkánópì ti wà lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ra ilé onílẹ̀ éékà kan ní Georgia níbí, mi ò ní í ṣàlàyé fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gbé fúláàtì, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run yín.

Bọ́ọ̀lù ọmọ ló fà á. Àbíkẹ́yìn mi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ síbi tí mo fẹ́ gbà kọjá, mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀ gbé e kúrò. Ìdí mi ò tíì kúrò lórí àga tán, gbì, ẹ́ńjìnnì ti kú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ǹ bá ti kọ́kọ́ pa abẹ ìsàlẹ̀ kí n tó dìde. Mo mọ̀. Súwíìṣì kan wà lábẹ́ àga tó ń ṣọ́ ìdí èèyàn bí ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n mo ti lo wákàtí kan àtààbọ̀ nínú oòrùn oṣù keje, fóònù mi ń sọ pé 95 ni lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ara móà gbóná, ọpọlọ èmi náà gbóná.

Mo sọ bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo padà jókòó, mo tẹ búréèkì mọ́lẹ̀, mo pa abẹ, mo yí kọ́kọ́rọ́. Rìn-rìn-rìn-rìn-rìn. Ó ń yí dáadáa, kò jí. Mo tún yí i. Rìn-rìn-rìn. Mo fa ṣóòkù, mo ti ṣóòkù padà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u. Mo fi Ìjẹ̀bú bá a sọ̀rọ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò mí ni.

Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn láti oṣù karùn-ún. Láàárọ̀ tí ara ẹ̀ bá tutù, ẹ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ lásán, ó ti dìde, á máa dún bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò nínú páálí. Tó bá ti wá ṣiṣẹ́ dé ibi tó gbóná, tí ẹ bá fi lè pa á pẹ́nrẹ́n, ó dìgbóṣe nìyẹn. Ẹ ó fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 45 kó tutù, ẹ padà dé, ó jí bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí. Ó kú, ó jí, ó tún kú. Kí la ń pe irú ẹ̀ nílé wa? Èmi ti sọ ọ́ lórúkọ ní tèmi: Kòsọ́kọ́. Málọmọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ wà nínú Málọmọ́, ẹ̀bẹ̀ tèmi sì ti tán.

Bó bá ṣe pé mi ò náwó sí i ni, ǹ bá dákẹ́. Mo ra pọ́lọ́ọ̀gì tuntun. Mo pààrọ̀ fílítà epo. Mo fa gbogbo epo inú táńkì dà nù, torí wọ́n ní ẹ́tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pò mọ́ epo ilẹ̀ yìí a máa fa omi mọ́ra, ni mo bá ń wakọ̀ kiri ìgboro wá epo tí kò ní ẹ́tánọ́ọ̀lù bí ẹni tó ń wá epo n'Ìbàdàn lásìkò ọ̀wọ́n. Ṣé ẹ rí ayé? Mo sá fún títò sórí ìlà epo, ìlà epo bá mi dé Amẹ́ríkà. Ọmọ kan ní ilé ìtajà ní bátìrì ni. Mo ra bátìrì. Bátìrì wo? Bátìrì tó ń yí ẹ́ńjìnnì rìn-rìn-rìn-rìn, kí ló jẹ mí? Ẹlòmíì ní ihò kékeré tó wà lórí ìdérí táńkì ló dí, pé afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, ni epo ò fi ráyè ṣàn jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn bá làákàyè mu, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo dẹ ìdérí sílẹ̀, mo fi gé koríko, epo ń ta sí mi ní ṣòkòtò, ó tún kú. Mo tú kabúrétọ̀, mo fọ̀ ọ́. Ìyàwó mi lọ bá a nínú abọ́ tó fi ń po àkàrà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bọ̀dá mi pè láti Ìbàdàn. "Ìwọ, ṣé o ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀? Fi sánpépà ha á, kí o fẹnu fẹ́ ẹ, kí o dá a padà." Láti ọdún tí mo ti gbọ́njú, oògùn kan ṣoṣo tí bọ̀dá mi ní fún jẹnẹrétọ̀ nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ tiwọn ń jí.

Kò burú. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, mo yá tírélà, mo gbé Kòsọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún móà ṣe. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lọ́dọ̀ wọn. Òjò rọ̀ nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ẹ sì mọ koríko bẹmúdà tó bá rí òjò tó tún rí oòrùn: ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ ohùn ẹ̀ lóru bó ṣe ń dàgbà. Ni lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Wọ́n ya koríko mi ní fọ́tò bí ìgbà tí wọ́n ń ya ọ̀daràn ní àgọ́ ọlọ́pàá, iwájú kan, ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ní kí n gé e láàárín ọjọ́ 14. Wọ́n tún fi kún un pé dọ́ọ̀tìbìnnì mi pẹ́ jù lẹ́bàá títì lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Èmi tí mò ń san owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù! Adágún omi tiwọn tó wà lẹ́nu géètì ń rùn bí ẹ̀gbin, ta ló kọ lẹ́tà sí wọn?

Mo gba ilé àwọn tó ń tún móà ṣe lọ. Ọmọkùnrin kan fún mi ní bébà: kò sí àìsàn lára ẹ̀. Dọ́là 89. Mo ní, "Dọ́là 89 fún kí ni?" Ó ní owó àyẹ̀wò ni. Mo ní ṣé wọ́n jẹ́ kó gbóná kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní àwọn yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, ó jí. Àwọn pa á, àwọn tún yí i, ó tún jí. Ó wá ń rẹ́rìn-ín sí mi, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ẹni tí wọ́n rò pé kò mọ móà í lò.

Àbíkú sọ olóògùn dèké, mo gbà. Ṣùgbọ́n olóògùn wo ló ń yẹ ọmọ wò nígbà tí ara ẹ̀ le, tó wá gba owó pé ara ẹ̀ le? Mo kọ ọ́ sórí bébà fún wọn, lẹ́tà gàdàgbà: Ó MÁA Ń KÚ TÓ BÁ GBÓNÁ. Kí ló kù tí mo lè kọ? Kí n yàwòrán iná sí i?

Ẹ jẹ́ ká padà sí tàná. Mo ti ra ohun kékeré kan lọ́sẹ̀ tó kọjá tí gílóòbù wà nínú ẹ̀. Ẹ ó fi sáàárín pọ́lọ́ọ̀gì àti wáyà ẹ̀, tí kọ̀réǹtì bá ń kọjá, á máa ṣẹ́jú. Lọ́jọ́bọ̀ tí móà tutù, mo dán an wò, ó ń ṣẹ́jú pàkàpàkà. Lánàá mo pe ìyàwó mi kó wá bá mi yí kọ́kọ́rọ́. Ó ti wé gèlè. Torí súwíìṣì ọlọ́pàá yẹn, dandan ni kó gun orí àga. Ìyá Tóbi lórí móà, gèlè lórí, ìró ká ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá Tóbi, ẹ ti rí i?"

"Tún yí i."

"Mo ní ẹ ti rí i? Oúnjẹ wà lórí iná o."

Mi ò rí nǹkan kan. Gílóòbù ṣú dùdù. Mo tú bóòtù mẹ́rin, bóòtù mẹ́rin péré, mo gbé ìdérí tó bo fáànù ẹ́ńjìnnì kúrò. Irin ibẹ̀ jó mi lọ́wọ́, àpá ẹ̀ wà níbí. Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀: koríko gbígbẹ tó ti le bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kún gbogbo àárín àwọn irin wẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gbà kọjá. Èkúté ti kọ́lé sí i. Ó ti bímọ níbẹ̀ rí, ó ti kó jáde. Mo yọ wáyà tín-ín-rín tí kọ́kọ́rọ́ fi ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé súwíìṣì àga ló ń purọ́. Ìyá Tóbi tún yí i. Ó ṣú dùdù bákan náà.

Kọ́ìlì ni! Kọ́ìlì, ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì ní kọ̀réǹtì, ni láti oṣù karùn-ún! Wáyà kọ́pà tó tín-ín-rín bí irun ló wà nínú ẹ̀. Tó bá gbóná, ibi tó ti sán á yà, kọ̀réǹtì á já. Tó bá tutù, á tún fara kanra. Koríko àti ilé èkúté ló ń sè é bí ẹ̀wà. Bóòtù mẹ́rin! Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Dọ́là 89! Ẹnì kan ò tú bóòtù mẹ́rin! Èkúté tó wà nínú ẹ̀ mọ móà yẹn ju ilé iṣẹ́ náà lọ, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ bi mí bí ìkómọ ṣe lọ. Ìdajì koríko gíga ni kánópì bọ́ sí, torí ibẹ̀ ló tẹ́jú. Ẹ̀fọn ń jẹ àwọn àna. Aládùúgbò mi gun móà tiẹ̀, èyí tó ń yí po lójú kan bí òkòtó, ó juwọ́ sí mi, ó bá tiẹ̀ lọ. Bàbá ìyàwó àbúrò mi rìn wọlé tagbádá tagbádá, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n wo koríko tó dé wọn lọ́rùn ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú oko o." Ní ìkómọ! Gbogbo ilé fi ẹ̀rín pa mí. Ó ti wà lórí WhatsApp gbogbo ìdílé báyìí. Bọ̀dá mi ti rí i n'Ìbàdàn, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́: ṣé mo ti fi sánpépà ha á.

Kí ni mo fẹ́? Mo fẹ́ kí wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ "kò sí àìsàn lára ẹ̀" sórí bébà, kó wọ agbádá àrán, kó jókòó sórí móà náà fún wákàtí méjì lọ́sàn-án gangan, nínú oṣù keje, kó tó gba owó. Bọ́ọ̀lù máa wà lójú ọ̀nà ẹ̀. Èmi ni n ó gbé e síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni kọ́ìlì tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ onílé ti tún fi lẹ́tà ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, lọ́jọ́ Àìkú, sórí fóònù. Mo ti dá wọn lóhùn: kí wọ́n fún mi láyè ewúrẹ́ mẹ́ta títí di Ọjọ́bọ̀.